Ọmọ Ọ̀dọ̀ Kókósẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí àwàdà rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, kó lọ ṣe é níwájú Làtífátù. Kì í bínú, kì í sì í pariwo. Á kàn máa wo onítọ̀hún bí ẹni ń wo aṣọ tí télọ̀ gé kù, á wò ó títí tí ẹ̀rín á fi gbẹ lẹ́nu ẹni tó dápàárá fúnra rẹ̀. Ní Tudun Wada, nígboro Sókótó, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni kéèyàn ṣọ́ra fún. Mamman tó ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló sọ ọ́ ní Hajiya Ba Dariya, Hàjíà tí kì í rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà rí.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Làtífátù ń fojú tẹ́ńbẹ́lú láyé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ìpàdé ọ̀sán Sunday nílé Ọ̀gá Ìyàndá ní Mabera.

Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti erùpẹ̀ ni Ìyàndá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nígboro Sókótó, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ fíìmù, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí gbogbo òṣèré. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lè sọ gbólóhùn méjì kó má na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ gún ọ̀run. Lọ́dún 2006 yẹn, àwọn oníṣòwò ti ń kó àwọn fíìmù àwàdà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi han èèyàn ní sinimá nígbà kan, sínú síídì, wọ́n ń tà wọ́n káàkiri. Nígbà tí Ìyàndá lọ sílé ọdún, ó ra páálí kan gbáko, ó gbé e wọ mọ́tò títí dé Sókótó. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí ọmọ Yorùbá kankan sinmi.

“Kí ló wà nínú fídíò ìwòyí?” Ìyàndá á béèrè, láìdúró gbọ́ èsì. “Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mọ́tò ńlá, àti obìnrin tó ń sunkún lórí fóònù. Àwàdà ti kú. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.”

Gbogbo Yorùbá tó bá ti wọ ìlú náà ló máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ìyàndá ń pa á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Làtífátù ti jókòó wo fíìmù bíi mẹ́jọ nínú páálí náà, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọkùnrin tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ọkùnrin tó ń kólòlò, àti ọkùnrin tó gbá ìyàwó rẹ̀ létí tí gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan tó ṣàkíyèsí ni pé àwọn àgbà inú yàrá náà ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó dé. Ọkùnrin inú fíìmù kò tíì gbé ẹsẹ̀ lé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń lura wọn lẹ́yìn. Lójú Làtífátù, kì í ṣe fíìmù ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ìgbà èwe wọn ni, kò sì rí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kó ìgbà èwe wọn wá kó sí òun létí ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi.

Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Ọkọ rẹ̀ ni. Adégbìtẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nídìí ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Kalambaina, ariwo àwọn ẹ̀rọ náà sì ti gba etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sí i lójúkojú, á gbọ́. Ọ̀rọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n ni kì í yé e. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn fíìmù, ọjọ́ Sunday nìkan ló sì ní fún ara rẹ̀. Nítorí náà, Làtífátù á jókòó tì í lórí àga onígi ní ìlà ẹ̀yìn nínú yàrá, á gbé ẹnu sí i létí, á sì máa tú ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Bó ṣe ń tú u ni kí ẹ gbọ́. Kókósẹ̀, ọ̀gá àwọn aláwàdà tí Ìyàndá fẹ́ràn jù, á fò sókè, á ké, á bọ́ fìlà, á fi í nalẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Làtífátù á ní, “Ó ní ebi ń pa òun.” Kókósẹ̀ á dojú bolẹ̀, á máa bẹ àwọn òkú ọ̀run. Làtífátù á ní, “Ó jẹ gbèsè. Kò fẹ́ san.” Ohùn kan náà, kò ga, kò sì lọ sílẹ̀. Adégbìtẹ́ á rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà nítòsí náà fi ń fa àga wọn sún mọ́ ọ̀dọ̀ tọkọtaya yìí. Kúnmi, àgùnbánirọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé nítòsí ibẹ̀, kì í jókòó síbòmíì mọ́. Làtífátù rò pé etí tiwọn náà ló ń dí.

Ní Sunday kan nínú oṣù kẹta, tí oòrùn ti lu òrùlé páànù ilé Ìyàndá títí tí inú yàrá fi dà bí inú ààrò, Ìyàndá dìde dúró níwájú wọn, ó gbé síídì kan sókè.

“Lónìí,” ó ní, “a dé orí òkè. Iṣẹ́ tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. *Kókósẹ̀ Kọ́lé*.”

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Ayọ̀fẹ́, ìyàwó Ìyàndá, tó ń pín fúrá, ohun mímu ọkà àti wàrà, nínú ife, dúró kó lè ráyè wò ó dáadáa. Làtífátù wo ẹnu ọ̀nà.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú yàrá yẹn, àní ọkọ rẹ̀ pàápàá, pé Làtífátù wà nínú fíìmù náà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni lọ́dún 1983, nígbà tó sá kúrò nílé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin lọ bá ẹgbẹ́ òṣèré Kókósẹ̀ ní Òṣogbo. Oṣù mẹ́fà ló fi fọ aṣọ wọn, tó fi gbé ẹrù wọn wọ mọ́tò, tó fi ń wo àwọn tó ń ṣeré láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé. Ó mọ gbogbo eré náà sórí. Ó ti rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá fún òun láyè ìṣẹ́jú kan péré, òun á pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ìran ọmọ ọ̀dọ̀ nínú *Kókósẹ̀ Kọ́lé*, ibà dá ọmọbìnrin tó yẹ kó ṣe é dúbúlẹ̀. Kókósẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọwọ́ sí Làtífátù.

Wọ́n ti jí láti ìdájí, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ. Ohun tó ní láti ṣe kò le: kó gbé abọ́ ọbẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé nígbà tí onílé ń yangàn fún àlejò, kó sì máa jí ẹran inú abọ́ jẹ. Kókósẹ̀ fẹ́ kó máa yí ojú, kó máa jó, kó máa la ẹnu gbàù. Làtífátù kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa á, ẹran sì wà níwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n parí, Kókósẹ̀ wò ó níwájú gbogbo ẹgbẹ́. “Ojú pańla ni ojú rẹ,” ó ní. “Gbígbẹ. O ò lè pa ọmọ ènìyàn kankan lẹ́rìn-ín láéláé.” Fíìmù tí wọ́n fi ń ya nǹkan ìgbà náà wọ́n gan-an, wọn kò lè tún un yà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kó máa lọ. Ó padà sí Ìlọrin, ó kọ́ súwẹ́tà híhun, ó fẹ́ Adégbìtẹ́, ó tẹ̀ lé e wá sí Sókótó. Nígbà tí fíìmù náà jáde, wọ́n ń gbé e káàkiri ìlú. Làtífátù kò yọjú síbẹ̀. Ó ti gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò tún gbìyànjú láti pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyàndá ti síídì bọ inú ẹ̀rọ. Orin gòkè, àwòrán ń gbọ̀n, ó pọ́n bí omi ìṣápá. Làtífátù fẹ́ dìde lọ, ṣùgbọ́n Adégbìtẹ́ ti tẹ etí sílẹ̀.

“Kí ló wí?” Adégbìtẹ́ béèrè.

“Ó ní òun ti kọ́lé,” ni Làtífátù wí.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wo Kókósẹ̀ nìkan. Ṣòkòtò rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní èkíní, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnì kan wúkọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ìyàndá nìkan ló kù tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí kò bá a rẹ́rìn-ín. Kúnmi ti yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ń fi àtàǹpàkò kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Làtífátù ń wo Kókósẹ̀, ó sì ń yà á lẹ́nu. Ọkùnrin tó dà bí òkè lójú rẹ̀ nígbà náà nìyí: ó ń pariwo, ó ń sáré, ó ń la ojú sí ẹni tó ń wò ó bí olówò tí ọjà rẹ̀ kò tà. Kò sí ibi tó dákẹ́ sí. Kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti rẹ́rìn-ín, ó ń fi ipá gbà á lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìran àsè dé. Onílé jókòó láàárín àlejò, ó ń ròyìn bí òun ṣe pa odindi màlúù nítorí wọn. Ọmọbìnrin kan gbé abọ́ wọlé. Ó rù, ó wọ aṣọ àǹkárá tó ti ṣí, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Onílé yí ojú sí àlejò. Ọmọbìnrin náà mú ẹran kan, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Onílé yí padà. Ọmọbìnrin náà ń wo òkè àjà. Onílé tún bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Ó mú òmíràn. Kò yára, kò fi ara pamọ́. Nígbà tó kan ẹran ìkẹyìn, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó wo onílé, ó ronú díẹ̀, ó pín in sí méjì, ó fi ìdajì padà sínú ọbẹ̀. Ó tún ronú. Ó tún mú ìdajì náà.

Kúnmi gbé ojú kúrò lórí fóònù. Ó bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́yìn. Gbogbo yàrá dà rú. Fúrá dà lọ́wọ́ Ayọ̀fẹ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó dé láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí wá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó ti kọjá, wọn kò lè dúró. Adégbìtẹ́ kò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni wí, nítorí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Ó di orúnkún ìyàwó rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Ọmọ yìí,” ó ní, “ọmọ yìí pọ̀.”

Làtífátù kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí gbé e lọ́kàn sókè ju ẹ̀rín lọ. Ìgbà tí ọmọ náà dúró díẹ̀ kó tó mú ìdajì ẹran, ó mọ ìdúró yẹn. Kì í ṣe ebi nìkan. Ó rántí pé òun ti gbọ́ tí ẹni tó gbé kámẹ́rà ń mí èémí ẹ̀rín, tí òun sì ní lọ́kàn ara òun pé, dúró, má tíì mú un. Òun ló ṣe é. Òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló gbà gbọ́, ẹni náà sì ni ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ìyàndá tẹ rìmóòtù. Ojú ọmọ ọ̀dọ̀ náà dúró lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìka Ìyàndá gòkè.

“Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan kan. Kò tilẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn òṣèré. Igi lásán ni. Kókósẹ̀ ló gbẹ́ ojú yẹn bí wọ́n ti ń gbẹ́ ère, òun ló sọ ibi tí yóò wò, òun ló sọ ìgbà tí yóò jẹun. Ohun tó ń jẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Ó ń fi igi pani lẹ́rìn-ín.”

“Irọ́ ni,” ni Làtífátù wí.

Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ìyàndá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tó ń rín sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé.

“Ìyá Quadri, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Èmi ni ọmọ náà.”

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ó ti tó àkókò kí Ìyá Quadri náà dápàárá lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Adégbìtẹ́ ń wo ẹnu wọn láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Làtífátù yí sí i, ó tún un wí sí i létí. Ọkùnrin náà wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó dìde dúró.

“Ìyàwó mi kì í purọ́,” ó ní. “Ó lè bú yín. Kì í purọ́.”

Ayọ̀fẹ́ ti súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè àjà,” ó ní. Làtífátù wo òkè àjà. “Ojú kan náà ni,” ni Ayọ̀fẹ́ wí, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyàndá kì í ṣe ẹni tí ojú lásán lè yí lọ́kàn padà. Ó ní nọ́ńbà Kókósẹ̀. Ẹ̀yìn páálí síídì náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, Ìyàndá sì ti pe bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì rí, kò sì sí ẹni tí kò tíì ròyìn rẹ̀ fún. Ó ní ẹni tó ni nǹkan ni kí wọ́n bi. Ó tẹ fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́, ó gbé e lé orí tábìlì.

Ohùn àgbàlagbà kan dáhùn, ó ń hàn bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyàndá kí i títí. Ó ròyìn pé obìnrin kan wà ní Sókótó tó ní òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ inú *Kókósẹ̀ Kọ́lé*.

“Ọmọ ọ̀dọ̀ wo?” ni Kókósẹ̀ béèrè. “Àwọn ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà náà bí eéṣú.”

Làtífátù tẹ̀ sí fóònù náà. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Làtífátù ni, ọmọ Ìlọrin. Ẹ ní ojú pańla ni ojú mi.”

Ẹ̀rín àti ikọ́ jọ jáde nínú fóònù. “Pańla. Ìwọ nìyẹn? O ṣì wà láyé?”

“Ẹ̀yin náà ṣì wà, sà.”

“Ayé gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí o ṣe nínú fíìmù yẹn o.” Ìyàndá gbé ìka sókè, ó ń wo gbogbo yàrá.

“Kí lẹ kọ́ mi, sà?”

“Mo kọ́ ọ… Gbogbo rẹ̀ náà ni mo kọ́ ọ.”

“Ẹ ní kí n máa yí ojú. N kò yí ojú. Ẹ ní kí n máa jó. N kò jó. Ẹ wá lé mi lọ lọ́jọ́ kẹta.”

Nígbà tí bàbá náà yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti dùn bí oyin. Ó ní ohun àná ti lọ. Ó ní Ọlọ́run ló mú kó pe òun, nítorí wọ́n ń múra láti ya apá kejì fíìmù náà sí fídíò, àwọn èèyàn sì ń béèrè ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn níbi gbogbo. Wọ́n ti wá irú rẹ̀ tì.

“Tí o bá lè wá,” ó ní, “ipò ọmọ ọ̀dọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ fún ọ.”

“Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, sà. Mo ní ọmọ ní yunifásítì.”

“Kò burú. A ó kun páúdà díẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

“Èmi ni Kókósẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?”

“Ṣé ṣòkòtò yẹn ṣì máa já?”

“Á já dáadáa,” ni bàbá náà wí, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan rántí.

Làtífátù ronú díẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó dúró sí ìdí yín, bàbá,” ó ní. “Ẹ ti dàgbà.”

Ó fi ìka kan pa fóònù náà bí ẹni ń pa iná. Kúnmi ló kọ́kọ́ fẹ̀rín ṣubú lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn. Ìyàndá dúró láàárín wọn pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, ìka rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bàbá ti dàgbà, pé àgbàlagbà máa ń gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ti ń rìn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Adégbìtẹ́ dúró lójú ọ̀nà, ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀ kó lè gbọ́ èsì.

“Ọdún mélòó la ti fẹ́ra? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Kí ni n bá sọ? Pé wọ́n lé mi níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín?”

“Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi,” ni Adégbìtẹ́ wí. “Gbogbo Sunday. Kì í ṣe fíìmù ni mo ń lọ gbọ́ níbẹ̀.”

Làtífátù wò ó bó ṣe máa ń wo gbogbo ènìyàn. Kò rí ohun tó lè fi bú u, ìyẹn sì bí i nínú díẹ̀. Ó ní kó máa rìn, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú.

Lọ́jọ́ Tuesday, Ìyàndá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tudun Wada pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó ní òun fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ nípa Kókósẹ̀ sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ìlú náà, pé òun fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó wà níbẹ̀. Làtífátù gbé òwú búlúù lé e lọ́wọ́, ó ní kó nà án fún òun kí òun lè ká a, nítorí òun kò lè jókòó lásán. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹlẹ́wọ̀n, bírò sì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Làtífátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ebi, ibà ọmọbìnrin yẹn, èémí ẹni tó gbé kámẹ́rà. Mamman bojú wo wọn láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó béèrè lédè Hausa bóyá olùkọ́ náà ti wá kọ́ṣẹ́ ni.

“Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di òwú mú,” ni Làtífátù dá a lóhùn.

Ìwé náà jáde nínú oṣù kẹfà. Ayọ̀fẹ́ ló mú un wá, kò sì wo Làtífátù lójú nígbà tó ń gbé e kalẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ni Ìyàndá kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwàdà òde òní ti kú, pé Kókósẹ̀ ni ọ̀gá gbogbo wọn, pé òṣèrébìnrin àtijọ́ kan tó ń gbé ní Sókótó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹsẹ̀ bàbá náà ni òun ti kọ́ ohun gbogbo tí òun mọ̀. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó kọ òwe àpò ṣòkòtò sí ìparí.

Làtífátù kà á dé ìsàlẹ̀. Ó mú bírò pupa tó fi ń sàmì sí ìwọ̀n àwọn oníbàárà, ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan, ó kọ “irọ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fa òmíràn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ náà, títí tó fi parí ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ká a, ó fún Ayọ̀fẹ́.

“Bá mi dá a padà fún un. Sọ fún un pé mo ti máàkì rẹ̀.”

“Máàkì mélòó ló gbà, Àǹtí?”

“Kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ rẹ̀ mọ́ tónítóní.”

Láti ìgbà náà ni Ìyàndá ti ń kí i láti òkèèrè. Ìpàdé Sunday kò dáwọ́ dúró, àmọ́ àga ń ṣófo níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, Ayọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní áchàbá níbẹ̀, á wá sílé Làtífátù, Kúnmi náà á sì dé. Wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré tí Adégbìtẹ́ fi owó àjẹmọ́nú rà, wọ́n á fi àwọn fídíò ìwòyí sí i, àwọn onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti obìnrin tó ń sunkún lórí fóònù, Làtífátù á sì máa tú wọn sí ọkọ rẹ̀ létí, kíkéré, gbígbẹ, láìṣàánú. “Ó ní ọkọ òun ti lọ. Ó ti lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí Kulu, obìnrin Hausa tó jẹ́ aládùúgbò wọn, á fi wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì jókòó láìgbọ́ Yorùbá kankan, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan tí fídíò náà gùn, tí kò sì ní láárí, Kúnmi yọ *Kókósẹ̀ Kọ́lé* jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ti yá a lọ́dọ̀ Ayọ̀fẹ́. Ó bẹ Làtífátù pé kó jẹ́ kí àwọn wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Làtífátù gba síídì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnì síwájú, síwájú, títí tó fi kọjá gbogbo ṣòkòtò tó ń já, tó fi kan àsè.

“Ẹ jẹ́ ká wo ìyókù náà, mà,” ni Kúnmi wí.

“Kí la fẹ́ fi ìyókù ṣe?” ni Làtífátù dáhùn, ó sì ní kí Ayọ̀fẹ́ yẹra, pé orí rẹ̀ ti bo ẹran.